Ọtí Kíkan

Bàbá mi kò fẹnu kan ọtí rí
títí a fi sin ín sí Sáríà.
Ta ló wá ń rọ ọtí sí alùpùpù rẹ̀ lẹ́nu?

Epo ìsinsìnyí, àbùlà ni.
Ọtí inú rẹ̀ a máa fa omi mọ́ra,
omi a sì ránṣẹ́ pe ìpẹtà,
wọ́n á jókòó sínú òkùnkùn táǹkì,
wọ́n á máa jẹ irin ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.
Lóde, ọ̀dà pupa ṣì ń dán.

Sábíù ní Tudun Wada da òkúta wẹ́wẹ́ sí i,
ó bu ọtí kíkan lé e.
Mo rẹ́rìn-ín: ọtí náà la tún fi ń wo ọtí?
"Sànnú," ló fi dá mi lóhùn. "Mì ín."
Mo mì ín bí ọmọ tó kọ oorun,
ohun tó dà jáde pọ́n bí ògiri amọ̀ ìlú àtijọ́.

Ó ní táǹkì ìdajì ni omi ń wá sùn sí:
bí òjò bá ṣú, rọ ọ́ kún dé ọrùn,
tàbí kí o fà á gbẹ, kí o fi ọ́ìlì ra á nínú.

Lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ikùn rẹ̀.
Irin funfun. Àti ihò kan, bí ojú abẹ́rẹ́,
tí n kò tíì sọ fún ìyá mi.