Ó Ku Mélòó?

Ní Ìsánlú, lẹ́yìn ilé Bàbá Ìbítóyè
tó fi ọgbọ̀n ọdún lu òǹtẹ̀ ní pósí-ọ́fíìsì,
tábìlì kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú;
ìwé orin àtijọ́ la fi gbé e dọ́gba.
Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bíríìjì, ní ọdún tí báǹkì dá mi padà wálé.

Káàdì méjìléláàádọ́ta, ènìyàn mẹ́rin,
mẹ́tàlá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Mo ń kà á bí ọmọ jélé-ó-sinmi: ọ̀kan ti lọ, èjì ti lọ.
Bí mo bá fi máa dé ẹ̀fà, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́nìkẹ́ á wúkọ́,
ewúrẹ́ á ké lóde, iye á fò lọ lórí mi.
Mo ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kún tọwọ́ lábẹ́ tábìlì.

Bàbá ní, "Èdè wo lo fi ń kà á?"
Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni.
"Abájọ. Ìyá rẹ tó ń pe mẹ́rìndínlógún,
ó ti dé ogún ná kó tó bojú wẹ̀yìn.
Àwa kì í ka ohun tó ti lọ. Ohun tó kù là ń kà.
Dúró sórí mẹ́tàlá, kí o máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."
Láti ọjọ́ náà, kò kí mi ní "òkun" mọ́.
Bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, á ní,
"Sipéèdì: ó ku mélòó?"

Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó kọ́ mi ní fífún.
Kò ṣàlàyé. Ó mú mi lọ síbi tí Màmá Ẹ̀bùn ti ń ṣe gàrí,
níbi tí àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta jókòó sábẹ́ jáàkì.
"Wo omi yẹn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ kó jáde.
Àyè ló tán."
Ó tún ní, "Kí o tó fún ènìyàn, kọ́kọ́ fún un."
Mo rò pé ogbó ti ń dé sọ́rọ̀ rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ìtumọ̀:
kí n kọ́kọ́ fi ìkó kan ta ọ̀tá lọ́rẹ,
ní kùtùkùtù, nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ ọn láti gbà,
kí àyè lè há mọ́ ọn nígbẹ̀yìn.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ọyẹ́ ti la gbogbo wa létè.
Mo fún Díkóónì Ọlọ́runlékè ní dáyámọ́ǹdì kan.
Ó kó o tọpẹ́tọpẹ́.
Mo wá ń já kílọ́ọ̀bù mi lé ilẹ̀, ọ̀kan, ọ̀kan,
bí ẹni ń yí jáàkì,
títí ó fi ku mẹ́ta lọ́wọ́ kálukú.
Mo ka ti Díkóónì láìrí i:
ọba àti ayaba sipéèdì, éèsì ọkàn.
Lọ́wọ́ tèmi: kílọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn láyé,
ọba ọkàn, sipéèdì játijàti kan.
Lórí tábìlì, níwájú Bàbá, ní gbangba:
éèsì àti jáàkì sipéèdì, àti pàǹtí kan.

Mo já kílọ́ọ̀bù.

Díkóónì wo éèsì rẹ̀. Ó wo ayaba.
Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un fi sójú.
Alángbá sáré gba orí ògiri kọjá.
Mo ń gbọ́ omi ẹ̀gẹ́ tó ń kán.
Ó ju ayaba sílẹ̀ bí ẹni ń fọmọ fún ọkọ tí òun ò fẹ́.
Éèsì dé, ọba bá a lọ;
jáàkì tí kò já mọ́ nǹkan kan láti àárọ̀
ló kó èyí tó gbẹ̀yìn.

Bàbá kò yìn mí. Ó ní kí n po káàdì.

Òjò méjì ti rọ̀ báyìí sórí ibojì rẹ̀.
A ò wá ẹlòmíràn. Mẹ́rin ó dín ọ̀kan la fi ń ta á,
ọwọ́ tirẹ̀ la máa ń ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì.
Díkóónì ṣì ń bi mí:
"Ká ní éèsì ọkàn ni mo jù ńkọ́?"
"Ọba mi ì bá dìde, sà."
"Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì?"
"Kò sí, sà."
Ó kùn hùn-ún, ó fi ẹnu tọ́ àtàǹpàkò,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.