Orúkọ Tí Kò Gba Kọ́mà

Aago méjì òru ní Dundee.
Ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn ti sọdá afárá odò Tay,
òjò wínniwínni ń ta sí fèrèsé,
èmi àti kọ̀ǹpútà jókòó, a ń wo ara wa níran.

Ìwé oyè mi ti parí, ó ku ìdí rẹ̀,
níbi tí a ti ń to orúkọ àwọn tó kọ́ni lọ́gbọ́n.
Mo tẹ orúkọ ìyá tó fi hàn mí
bí amọ̀ ti í gbọ́ ẹ̀bẹ̀:
Àwẹ̀ró Ọ̀pálékè, amọ̀kòkò, Ìpetumodù.

Ẹ̀rọ gbé e mì, ó bì í padà:
Opaleke, A.
Àmì ohùn ti já bọ́ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà,
odidi Àwẹ̀ró di lẹ́tà ẹyọ kan,
àmì ìdánudúró tẹ̀lé e,
bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán.

Ẹ̀rọ tún ń béèrè: ta ló tẹ̀ ẹ́?
Mo rẹ́rìn-ín nínú òtútù.
Ta ni ì bá tẹ̀ ẹ́?
Àtàǹpàkò ìyá náà ló ń tẹ amọ̀
láti ọdún tí eṣú jẹ oko.

“Fi í sílẹ̀,” ni Dókítà Petrie ti wí,
“bí gbogbo ayé ti ń ṣe é nìyẹn.”
N kò fi í sílẹ̀.
Mo ṣí fáìlì tó ń pàṣẹ fún ìtọ́kasí,
àkámọ́ kún inú rẹ̀ bí èékánná akàn.
Mo yọ ẹyọ kan, ìwé dákú:
àṣìṣe mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Mo dá a padà. Mo po tíì. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti dá irú kan sílẹ̀,
kì í ṣe ìwé, kì í ṣe jọ́nà;
mo sọ ọ́ ní ẹnu.
Ó sì jáde, tàmì-tàmì:
Àwẹ̀ró Ọ̀pálékè. Láti ẹnu ara rẹ̀,
lẹ́bàá iná ìkòkò, bó ti ń dán ètè ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀rọ kì í mọ ẹnì kan:
gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ ló na tán,
títí kan ti Dókítà fúnra rẹ̀.
Lọ́jọ́bọ̀ ó kà á, ó dákẹ́.
“Morag Euphemia,” ó ní.
“Ìyá bàbá mi ló ni Euphemia.
Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kọ ọ́.”

Ó mú bírò pupa,
ó fa ìlà sábẹ́ kọ́mà kan
lójú ewé igba ó lé mẹ́rin.