Wíwọn Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Dókítà ní kí n jókòó, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko,
kí egungun ìbàdí lè rántí ipò rẹ̀.
Mo jókòó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ni wọ́n gbé àga mi sí,
ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí ògiri wa ti fẹ̀yìn ti igbó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọjá níbẹ̀,
garawa lọ́wọ́, aṣọ fífọ̀ léjìká.
N kò rí i rí.

Ọláníyọnu tẹ̀ mí láago láti Ìbàdàn:
"Màámi, ẹ ní kí wọ́n bá mi wọn ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn.
Lóṣù tó ń bọ̀, intalọ́ọ̀kì la ó tẹ́ síbẹ̀,
kí ẹrẹ̀ yé tẹ̀lé yín wọlé,
kí ẹ má tún yọ̀ ṣubú."
Ọmọ gidi ni. Mo ní ó dáa.
Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ẹ̀jẹ̀ ríru,
mo yí i sẹ́yìn,
mo bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé. Láti ìdí gúáfà dé etí kànga:
àdàbà méjì, wọ́n ń rìn, wọ́n ń wolẹ̀,
bí tọkọtaya tó sọ owó ilé ìwé ọmọ nù.
Lórí búlọ́ọ̀kù: alángbá olórí pupa kan,
ó ń ṣe eré ìdárayá àwọn sójà.

Ọjọ́rú, òjò. Kò sẹ́ni tó wá,
àfi ìgbín tó ń gbé ilé rẹ̀ kiri
bí ayálégbé tí wọ́n lé ní ìdájí.

Ẹ̀gà fa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ya tínrín-tínrín,
wọ́n gbé e lọ sórí ọ̀pẹ ilé Ògúngbilé.
Ariwo wọn! Kíláàsì tí tíṣà jáde kúrò nínú rẹ̀.

Lóru n kò rí nǹkan kan,
ṣùgbọ́n okété gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ewúro:
erùpẹ̀ tuntun láàárọ̀,
bí lẹ́tà tí wọ́n tì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn.

Àṣá gbé ọ̀kan nínú ọmọ adìyẹ Mojírólá.
Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Wíwọ̀n ni wíwọ̀n.

Agbe tí a fi ń súre kò wá.
Àlùkò tí a fi ń súre kò wá.
Lékèélékèé ń kọjá lókè ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́,
ó ti bá màlúù ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ tán.
Ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ ni ẹyẹ kan aláwọ̀ ilẹ̀,
orí rẹ̀ dúdú, ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ,
tí ẹnikẹ́ni kò fi súre fún mi rí.
Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń sọ̀rọ̀ nínú gúáfà.
Mo bi Mojírólá: kí lorúkọ rẹ̀?
"Ẹyẹ ni, Mà."
Mo bi mọlémọlé tó wá wo ògiri:
"Ẹyẹ ni."
Mo fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀bọ kan fo ògiri wọlé láti inú igbó.
Ó já gúáfà, ó bù ú jẹ, ó sọ ọ́ nù, ó já òmíràn.
Ọmọ ń bẹ lábẹ́ ikùn rẹ̀.
Kò sí ọ̀já. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló di ìyá mú.
Ó wò mí. Mo wò ó.
Ta ni ń ṣe àlejò ta ni, n kò mọ̀.

Ọláníyọnu tún pè. "Màámi, mélòó ni ilẹ̀ náà?"
Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀,
pẹ̀lú ìlà òfìfo.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ níbi tó wà.
"Màámi, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"
Mo yí ìwé padà síwájú.
Ó ti wálẹ̀ díẹ̀.

Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, pẹ̀lú téèpù.
Mo ní kó dé kí ilẹ̀ tó mọ́.
Àga kejì wà.
Kó jókòó. Kó má sọ̀rọ̀.