Ta Ló Ń Pè Mí Ní Àlàmú?

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó kọ́kọ́ fọhùn,
lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé Mísíìsì Potter ní Hastings,
nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun.
Bàbá mi ń ka ìwé òfin ní London, màmá mi ń fi ẹ̀rọ ránṣọ lálẹ́,
wọ́n ń san pọ́n-ùn mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí òyìnbó bá wọn wò mí,
wọ́n á sì wá ní Sátidé, bí owó ọkọ̀ ojú irin bá wà.
Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú ilé yẹn
àfi ohùn yìí.
Ó ní, "Àlàmú, ṣé o ti jẹun?"
Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.
Bàtà òjò ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀.

Mo sọ fún Mísíìsì Potter. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi,
ó gbé mílíìkì gbígbóná fún mi, ó ní àlá ni.
Mo sọ fún màmá mi. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀,
ó ní, "Kẹ́nikẹ́ni má gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ mọ́."
Bí mo ṣe gbé e mì nìyẹn,
ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Àmọ́ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, àlejò kan kọ́ ní í wọ̀ ọ́.
Kí n tó pé ogún ọdún, ọkùnrin kan ti dé bá a,
òyìnbó lòun ń sọ, ohùn rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.
Láago mẹ́ta òru, bí mo bá ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì,
á máa ka àṣìṣe mi sí mi létí bí akọ̀wé kóòtù:
wọn ò fẹ́ ọ níbí, wọn ò fẹ́ ọ níbẹ̀ náà.
Obìnrin yẹn á gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á máa jà lórí mi
bí ìgbà tí n ò sí níjòókòó.
Ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kò bú mi.
Ó ní òun ò mọ iye èèyàn tí òun fẹ́.

Lóṣù kejì, ọkùnrin náà ní kí n máa rìn lọ,
kí n má dúró bí omi bá kan orúnkún.
Òkúta ló kún etí òkun wa, kì í ṣe yanrìn;
ẹsẹ̀ kan péré, wọ́n á dún wàràràrà.
Ariwo yẹn ló bo ohùn rẹ̀.
Mo padà sílé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tútù.

Láago mẹ́jọ àárọ̀ mo pe ilé dókítà.
Èmi ni ẹnì kẹtàdínlógún lórí ìlà.
Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó gbé e béèrè ohun tó ń ṣe mí.
Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí.
Mo tún pè lọ́jọ́ kejì. "Ẹ má bínú," ni mo wí, "kì í ṣe ẹ̀yìn."

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́, Rhiannon lorúkọ rẹ̀.
Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó bu tíì fún mi, ó ní,
"Èdè wo ni wọ́n ń sọ?"
Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo ní ọkùnrin ń sọ òyìnbó, obìnrin ń sọ Yorùbá.
Ó ní èdè Wales ni ìyá òun fi ń bá òun wí nígbà tó wà láyé.
Ó wo ife tíì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.
"Ṣé o fẹ́ kí gbogbo wọn lọ?"
Ẹnu mi wúwo. Bí obìnrin yẹn bá lọ,
ta ni yóò máa pè mí ní Àlàmú lókè òkun yìí?

Oògùn ti sọ ọkùnrin náà di aládùúgbò:
mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, n ò gbọ́ ohun tó ń sọ.
Ní Ọjọ́bọ̀, èèyàn mẹ́fà là ń jókòó yíká nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.
Colin, tó ti pẹja rí, ní ìyá ìyá òun lòun ń gbọ́,
tó ń bú ojú ọjọ́.
A rẹ́rìn-ín. N ò mọ̀ pé èèyàn lè fi í rẹ́rìn-ín.

Lánàá mo pe màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.
Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì láyé mi.
Fóònù dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti já.
Lẹ́yìn náà, láti ìta, ní etí ọ̀tún nìkan:
"Àlàmú. Ṣé o ti jẹun?"
Mo ní rárá, màmá.
N ò tíì jẹun.