Ìyálẹ̀ta

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀.
Gáàsì ń mí gúlegúle,
bóyá yóò fara dà á di ọ̀la.
Mo gé iṣu bí ẹni tí wọ́n ń lé,
mo fọ́ ẹyin mẹ́ta sínú abọ́,
ata rodo kan, àlùbọ́sà ààbọ̀,
sàdíìnì tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn gàrí
kí Tìjání má baà fi jẹ búrẹ́dì.
Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ó ti jinná.
Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní oúnjẹ sísè;
ebi ló kọ́ mi, aago ló ń nà mí lẹ́gba.

Àwẹ̀ró ti wọ aṣọ funfun.
Ó jẹ iṣu ẹyọ méjì lórí ìdúró,
ó ní, "Iyọ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ ó dùn,"
ó kó ìyókù sínú kúlà,
ó di Ọ̀rítamẹ́fà, ó di ọ̀la,
àwọn aláìsàn ń retí.
Òórùn ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ ló kù fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣẹ́gun ẹ̀wà olóyin:
láti àná ni mo ti rẹ ẹ́ sómi.
Ọjọ́rú, gbogbo nǹkan rú mi lójú.
Iná lọ. A fi ọbẹ̀ ilá àná jẹ ẹ̀bà nínú òkùnkùn,
ọmọ ní, "Ẹran mi dà?"
Mo ní, "Wá a lábẹ́ ilá."
Kò sí ẹran lábẹ́ ilá.
Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.
Ọjọ́bọ̀, ìndómì. Ẹ má bi mí.
Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Kúdí gbé mọ́ínmọ́ín méjì
kọjá sí mi lórí fẹ́ǹsì;
mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ó rọ.

Ọdún kẹrin rèé tí a ti ń ṣe é báyìí:
bí mo bá ń bọ̀, yóò máa lọ;
bí ó bá ń bọ̀, n ó máa lọ.
Bí ẹsẹ̀ méjì ẹni tó ń rìn,
wọn kì í pàdé
àfi tí olúwa rẹ̀ bá dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń dúró.

Aago mẹ́wàá, oòrùn Jẹ́ríkò ò tíì mú.
Àwẹ̀ró ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà, ojú rẹ̀ pọ́n koko.
Àga onírin mẹ́jọ lábẹ́ igi máńgòrò,
orúkọ oúnjẹ lára pátákó, wọ́n fi ẹfun kọ ọ́.
Àwọn òyìnbó ní ohun tí wọ́n ń pe irú oúnjẹ báyìí,
tí kì í ṣe ti àárọ̀, tí kì í ṣe ti ọ̀sán.
Àwa náà ní wákàtí rẹ̀ lẹ́nu: ìyálẹ̀ta.
Wọ́n gbé ẹyin wá, ó tẹ́ bí fìlà tuntun,
dòdò wẹ́wẹ́ bí owó ẹyọ,
àkàrà mẹ́fà lórí àwo ńlá
tí àyè inú rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.
Mo wo iye owó. Mo wo igi máńgòrò.

Tìjání ní, "Tiyín dùn ju èyí lọ, Bàbá."
Ọmọ dáadáa.
Ó ti jẹ àkàrà mẹ́rin kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Àwẹ̀ró ò sọ nǹkan kan.
Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi,
ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀, lórí ìjókòó,
bí ẹni tí aago kankan ò pè.
Oúnjẹ alẹ́ tirẹ̀ nìyí, oúnjẹ àárọ̀ tèmi nìyí;
nínú àwo kan náà ni ilẹ̀ ti ń ṣú,
ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti ń mọ́.

Mo fẹ́ kó àwo. Àṣà ti wọ̀ mí lára.
Ó di ọwọ́ mi mú: "Jókòó.
Ẹlòmíràn ni yóò fọ̀ ọ́ lónìí."
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fi dòdò tó kẹ́yìn nu epo ẹyin.
"Àmọ́ tó bá di Ajé," ó ní,
"iyọ̀ yẹn, ẹ dín in kù."