Ọjọ́ Kọkànlélógún

Ọ̀kun o, Ìbítóyè.
Gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, má jẹ̀ẹ́ kí ojú rẹ̀ kan bẹ́ńṣì.
Kọ̀ǹpútà alápapọ̀, ojú àti ọpọlọ nínú awo kan,
èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin
kí o lè fi múra ìdánwò.
O fi ń yìnbọn.
Mi ò bá ọ wí. Èmi náà ti yìnbọn rí
lórí ohun tó kéré ju èyí lọ.

O ní bí ọ̀tá bá ti yọ, àwòrán a gan,
a dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ;
kó tó rántí, ìwọ ti kú.
O ní káàdì àwòrán ni kò lágbára.
O sì fa òmíràn yọ nínú àpò ìwé rẹ:
dúdú, ó wúwo, abẹ̀bẹ̀ méjì láyà.

Àpò kajú mélòó nìyẹn?
Ṣebí ìwọ ni mo rí lóṣù kẹta nínú oko bàbá yín àgbà,
tí ò ń yí kóró kúrò nídìí èso,
tí omi kajú gba gbogbo ara ẹ̀wù.
Àbàwọ́n yẹn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ
bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ó dáa. Nọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án. Kó wọn sínú ìdérí ìgò yẹn,
má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi a máa jẹ irin.
Sún mọ́bí. Wo ibi tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí.
Káàdì tí wọ́n bí i mọ́ nìyẹn.
Wọn ò kì í bọ àlàfo kankan,
òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ pátákó,
bí eyín ṣe wà nínú ẹ̀rìgì.
Bí mo bá hú u, gbogbo rẹ̀ la ó jọ sin.
Ihò tí ò ń wá, àwọn tó ṣe é ò dá a.
Wọn ò gbàgbé o.
Wọ́n fẹ́ kí o padà wá ra odindi ni.

Má sunkún sórí ẹ̀rọ. Omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́.

Wò ó.
Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ níbí,
kì í ṣe èyí tí àwòrán ń gbà jáde,
èyí tó ń gbà wọlé ni.
Nítorí náà ojú rẹ̀ ṣì wúlò.
Ọpọlọ ló kù ká wá fún un.

Nígbà tí mo ní kafé ní Ìsánlú yìí,
kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.
Fóònù dé, oníbàárà pòórá.
Àpótí irin kan ló ṣẹ́kù, ó wà lẹ́yìnkùlé,
ó ní àlàfo gígùn, yóò gba káàdì rẹ dáadáa;
pátákó rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lókè àjà, mo mọ ibi tó wà.

Wàhálà kan ló wà.
Adìyẹ ìyàwó mi ti yé ẹyin mẹ́jọ sínú àpótí náà.
Àná ló bẹ̀rẹ̀ sí í sàba.
Mo lè bá òjé jà, mo lè bá iná jà,
mi ò lè bá obìnrin yẹn jà nítorí géèmù.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Yọ àná kúrò, ogún.
Lọ kàwé.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù,
mo gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé.
Ìwọ ni, o lóṣòó, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan níwájú rẹ,
ò ń bá adìyẹ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́,
ò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dìde.
Mo dúró díẹ̀.
Mo padà gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé.