Àpótí Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni Hanus gbé e sí,
láàárín bàtà òjò àti garawa ọ̀dà:
àpótí dúdú, kò ju búrẹ́dì kan lọ,
iná aláwọ̀ ewé mẹ́rin ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀.
Mo ní, "Hanus, owó àgùntàn méje
lo kó lé nǹkan tí kì í ké, tí kì í bímọ."
Ó ní kí n fara balẹ̀.
Ta ní í fara balẹ̀ fún ẹni tó ra dísìkì méjì
nígbà tí òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì?

Ìgbà òtútù kan gbáko ló fi ń bọ́ ọ.
Àwo orin bàbá rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti họ lára,
kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó wa tí mo rò pé ọ̀rinrin ti jẹ,
fíìmù tó rà kí òkun tó sọ ọ́ di apẹja,
gbogbo rẹ̀ ló wọnú àpótí.
Ó ń sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kó ọmọ jáde:
ọdún, ibùdó, ẹni tó ń kọrin,
ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn.
Ohun tí Táyé bá gbé mì, Kẹ́hìndé a gbé e mì:
báyẹn ni dísìkì méjèèjì ṣe ń jẹun,
kí ikú má baà rí gbogbo rẹ̀ kó lẹ́ẹ̀kan.
Mo ń gbọ́ wọn lóru, kùrù-kùrù-kùrù,
bí eku tó rí búrẹ́dì gbígbẹ.

Oṣù Èrèlé, ìjì dé.
Ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan tí a kò mọ olówó rẹ̀
fa wáyà ìsàlẹ̀ òkun já.
Gbogbo Sandvík dákẹ́.
Fóònù di dígí tí a fi ń wo ihò imú.
Sigvør ọmọ mi gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè láti yàrá dé yàrá
bí ẹni ń fi abọ́ gbe òjò.
Íńtánẹ́ẹ̀tì kú.
Hanus gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín:
"Títì ló dí, ọ̀ọ̀dẹ̀ ò dí.
Ẹní gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé kì í bá ọ̀dá jà."
Ó tẹ bọ́tìnnì.
Orin bẹ́ nínú ilé ìdáná,
àwòrán là lójú tẹlifíṣọ̀n bí ojúmọ́.

Ìròyìn kò nílò wáyà.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, Billa ilé ìfìwéránṣẹ́ ti gbé kéèkì dé,
ọmọ mẹ́fà ti tẹ́ ara wọn sílẹ̀ bí ẹja tí a sá,
Dánjal pàápàá dé,
Dánjal tí kò tẹ ẹnu ọ̀nà wa láti ìgbà ìjà ààlà,
ó há itan àgùntàn gbígbẹ kan mọ́ abíyá,
ó ní òun kàn ń kọjá ni.
Nínú ìjì? A ò bi í.

Hanus ṣí orin ìjọ, ti ọdún tí bàbá rẹ̀ ṣì ń darí.
Ohùn ọkùnrin méjìlá, afẹ́fẹ́ lójú fèrèsé,
lẹ́yìn náà, ikọ́.
Dánjal dìde.
"Èmi nìyẹn."
Ó ní, "Dá a padà sẹ́yìn."
A dá a padà. Ikọ́.
"Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Ikọ́.
Lẹ́ẹ̀kẹta, orin há sẹ́nu ìyókù ọkùnrin náà.
"Sigvør! Kí lò ń fà lókè yẹn?"
"Fíìmù mẹ́ta péré ni!"
Ẹ̀rín gba ilé. Dánjal náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú,
ó ní èéfín ni. A ò dáná.

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n so wáyà pọ̀.
Oníkálukú gba ilé lọ, wọ́n tún tẹ orí ba sórí fóònù.
Ológbò sọ àpótí di ibùsùn nítorí ooru.

Àná, mo ń wá garawa,
mo rí iná kan tó pọ́n koko.
Èmi tí mo bú u ni mo kọ́kọ́ figbe ta.
Hanus ní kí n fara balẹ̀, Kẹ́hìndé ṣì ń mí.
N kò fara balẹ̀.
Mo ti ta àgùntàn méjì kó tó jẹun tán.
Dísìkì tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.
Òrùlé ṣì ń jò.